Àga Onítáyà, Ọ̀pá àti Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn Lọ́fẹ̀ẹ́ ní Èkìtì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí àwọn àkàndá àti ará ilé wọn máa ń bèèrè jù ló wà níbí, láti Ọ̀mùò títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Kí ẹ tó kà síwájú, ẹ gbọ́ eléyìí ná: ẹ má kọ́kọ́ wá àga. Ẹni tí yóò wọn ara ẹni tó fẹ́ jókòó sínú àga ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ ló ti gba àga ọ̀fẹ́, tí wọ́n dúpẹ́, tí wọ́n sì gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó tó pẹ́, torí pé ohun tí wọ́n gbà kò bá ara wọn mu.

Bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àrùn rọpárọsẹ̀. Ibo gan-an la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dọ̀ físíò, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú ara àti ìrìn, òun náà ló ń wọn ara fún àga. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn méjì ni ìjọba ní ní Èkìtì: ti ìpínlẹ̀ wà ní Adó, òun ni gbogbo ènìyàn ń pè ní EKSUTH, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè ẹ̀ka físíò, kí ẹ sì tún béèrè òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn tó wà nínú ilé ìwòsàn náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti bá aláìsàn tí kò lówó lọ́wọ́ wá ọ̀nà àbáyọ, òun ló sì sábà máa ń mọ ẹgbẹ́ tàbí ìjọ tó ń pín nǹkan lásìkò yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ, ń bọ̀ nílé ìwòsàn láì mọ̀ pé irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà.

Bí ẹ bá jìnnà, bóyá Ọ̀mùò, Ìkọ̀lé tàbí Òtùn lẹ ń gbé, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìtọ́jú aláìsàn tó sún mọ́ yín. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ibẹ̀ lè kọ ìwé tí ẹ máa mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ẹ má bàa dé Adó kí wọ́n tún ní kí ẹ padà.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ní físíò ló ṣáájú. Púpọ̀ nínú àwọn tí rọpárọsẹ̀ dá wó ló lè tún fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bí ẹni tó yẹ kó máa fi wọ́kà (irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ènìyàn ń dì mú rìn) kọ́ ìrìn bá ń jókòó sínú àga láti àárọ̀ dalẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa le sí i ni. Ó lè jẹ́ pé àga kọ́ ni bàbá nílò rárá.

Ta ló ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ní tòótọ́?

Kò sí ilé kan ṣoṣo tí ènìyàn lè wọ̀ lọ kó sì gbé àga jáde. Ọ̀nà pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí orúkọ wọn wà ní ibi mẹ́ta, mẹ́rin.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ẹgbẹ́ àwọn àkàndá fúnra wọn. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ wọn ni JONAPWD, ó sì ní ẹ̀ka ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹgbẹ́ àwọn adití, ti àwọn afọ́jú, ti àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí olóore bá fẹ́ pín àga ogún, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ló máa ń wá gba orúkọ. Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́, ìgbà tí wọ́n bá pín in tán ni yóò gbọ́. Bí wọ́n bá bi mí pé èwo ni kí ènìyàn fi ṣáájú lẹ́yìn físíò, ẹgbẹ́ ni màá mú.

Ìjọba ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀ka ìgbáyégbádùn wà ní káńsù. Káńsù mẹ́rìndínlógún ló wà ní Èkìtì. Ti àdúgbò yín ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ti ibi tí ẹ ti gbọ́ pé wọ́n ń pín nǹkan. Ní Adó, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ìgbáyégbádùn ló ń gba irú ẹ̀bẹ̀ yìí. L'Ábújá, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin gbé ọ̀rọ̀ àkàndá lé lọ́wọ́ ni NCPWD. Ayuba Gufwan tí wọ́n fi ṣe olórí àjọ náà ní 2024, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un lẹ́sẹ̀ ní kékeré. Kó tó débẹ̀, òun ló dá Beautiful Gate sílẹ̀ ní Jos, níbi tí wọ́n ti ń fi irin kan àga àti kẹ̀kẹ́ oníwíìlì mẹ́ta tí wọ́n sì ń fi wọ́n tọrẹ káàkiri Nàìjíríà. Jos jìnnà sí wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tàbí ìjọ lè kọ̀wé síbẹ̀ lórúkọ ènìyàn púpọ̀, ìyẹn sì sàn ju kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá kọ tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Rotary àti Lions máa ń ra àga, wọ́n sì ń fúnni ní dígí ojú. Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn ti ń fi àga tọrẹ ní Nàìjíríà, wọn kì í sì í béèrè bóyá ọmọ ìjọ wọn ni ènìyàn. Iléeṣẹ́ MTN ní ètò kan lábẹ́ MTN Foundation tó ti pín àga, ọ̀pá àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ní àwọn ìpínlẹ̀ kan. Ẹ má fojú di ti ìtòsí náà: ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul nínú ìjọ Kátólíìkì, owó sàká ní mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àti àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun. Ọmọ Èkìtì kò ṣòro láti rí lókè òkun. Lẹ́tà tí ọba tàbí alága ẹgbẹ́ ìlú bá fọwọ́ sí máa ń yá wọn lára láti dáhùn.

Ẹ mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ pọ̀ níwájú wọn. Nínú ìròyìn tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, àti UNICEF gbé jáde ní 2022, àwọn tó nílò ohun ìrànlọ́wọ́ kan ó kéré tán, látorí dígí ojú títí dórí àga, ju bílíọ̀nù 2.5 lọ láyé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà kan, mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rí ohun tó nílò.

Ṣé dandan ni kí n mọ olóṣèlú kan?

Rárá. Lóòótọ́ ni àwọn aṣòfin àti káńsẹ́lọ̀ máa ń pín àga, pàápàá bí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tàbí ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá tó jẹ́ ọjọ́ àwọn àkàndá lágbàáyé. Bí ó bá kàn yín, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n irú àga tí wọ́n ń rà lọ́pọ̀ fún ọjọ́ kan yẹn, oríṣi kan náà, ìwọ̀n kan náà ló sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó tóbi ń gba èyí tó há, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń gba ti àgbàlagbà.

Àwọn ìwé wo ni kí n mú dání?

Ìwé físíò tàbí dókítà, nọ́ńbà NIN, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì, àdírẹ́sì ilé tó ṣe é tọ́ka sí (ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ìwé tó wà nítòsí, torí pé ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní nọ́ńbà), àti nọ́ńbà fóònù méjì. Ẹ kọ nọ́ńbà kejì torí ọjọ́ tí iná bá tán lórí fóònù àkọ́kọ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì fi ojúlówó sílé.

Báwo ni kí n ṣe kọ lẹ́tà náà?

Kó kúrú. Ẹni tó ń ka lẹ́tà kò nílò ìtàn bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ta ni yín, kí lẹ nílò, báwo ni ìwọ̀n rẹ̀ ṣe rí, àti bóyá ẹ lè lò ó níbi tí ẹ ń gbé. Ẹ lè tẹ̀ lé eléyìí:

«Orúkọ mi ni …, mo jẹ́ ẹni ọdún …, mo ń gbé ní …, ní ìjọba ìbílẹ̀ …. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì kò ṣiṣẹ́ láti ọdún …. Mo ń fẹ́ àga onítáyà tí ìjókòó rẹ̀ fẹ̀ tó … sẹ̀ǹtímítà. Físíò ilé ìwòsàn … ló wọn ara mi, ìwé rẹ̀ wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Ọ̀nà ilé mi jẹ́ iyẹ̀pẹ̀, ó sì gun òkè díẹ̀. Apá mi lágbára, mo lè fi ọwọ́ ara mi ti àga. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, màá sì lè máa dé ṣọ́ọ̀bù bí mo bá rí i gbà.»

Ẹ má yọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn. Inú olóore máa ń dùn láti mọ ibi tí àga yóò gbé ènìyàn dé.

Ṣé kì í ṣe oríṣi kan náà ni gbogbo àga onítáyà?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tí ẹ ń rí nílé ìwòsàn, tó ṣe é ká pọ̀, tí táyà iwájú rẹ̀ kéré, ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún. Wọ́n fi ń gbé aláìsàn láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn ni, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń jókòó sí fún wákàtí mẹ́wàá. Ẹ gbé e dé ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ ní Ìlawẹ̀ lẹ́yìn òjò, táyà kékeré yẹn á rì, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì dojú bolẹ̀.

Fún ìta, àga tí táyà iwájú rẹ̀ tóbi tàbí èyí tó ní táyà mẹ́ta tó gùn síwájú ló dára. Ó máa ń gun kòtò kékeré kọjá láìṣubú. Kẹ̀kẹ́ oníwíìlì mẹ́ta tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà náà wà, ìyẹn tí àwọn oníṣòwò kan fi ń rìn lójú títì. Ó dára gan-an fún ẹni tí apá rẹ̀ le tó ń lọ sọ́jà tàbí ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè wọ yàrá, kò sì lè wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá ní in ṣì nílò àga kékeré tàbí ọ̀pá nínú ilé. Ní ìlú olókè bí Ẹ̀fọ̀n tàbí Ìkẹ́rẹ́, kí ẹ tó gbà á, ẹ gun òkè kékeré kan kí ẹ wò ó bóyá bíréèkì rẹ̀ mú.

Ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò dúró, tí ara rẹ̀ sì ń le gbagidi, àga tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń gbé orí àti ẹ̀gbẹ́ dúró, pẹ̀lú bẹ́líìtì. Bí ẹ bá fún un ní ti àgbàlagbà, á kàn máa wọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ á wọ́, oúnjẹ á sì máa há a lọ́fun. Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ má gba ohunkóhun láìfi han físíò.

Báwo la ṣe ń wọn ara?

Físíò ló yẹ kó ṣe é, ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kí ẹ lè mọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gbé èyí tí kò tọ́ fún yín. Kí ẹni náà jókòó sórí àga igi, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹlẹ̀. Ẹ lo téèpù télọ̀.

Ìbú ìdí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì: ìwọ̀n yìí ló yẹ kí ìjókòó fẹ̀ tó. Bí ó bá fẹ̀ jù, ara á máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kò sì ní dé táyà dáadáa. Gígùn itan láti ẹ̀yìn ìdí dé ẹ̀yìn orúnkún: ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́fà kúrò níbẹ̀, iye tó kù ni gígùn ìjókòó. Bí ìjókòó bá gùn jù, etí rẹ̀ á máa gún ẹ̀yìn orúnkún, ẹni náà á sì máa wọ́ síwájú láti yẹra fún un títí tí yóò fi jókòó bí ẹni tó fẹ́ sùn. Láti ẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀ ni ìwọ̀n ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Bí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé bá ga jù, orúnkún á gbé sókè, gbogbo ìwúwo ara á sì wá sórí eegun ìdí; níbẹ̀ ni egbò ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀yìn àga, ẹni tí apá rẹ̀ lágbára tó ń ti ara rẹ̀ kò fẹ́ kí ó ga jù. Ẹni tí kò lè dá jókòó fẹ́ kí ó ga.

Ẹ tún wọn ilẹ̀kùn ilé. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àga tó dé tí kò lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọlé kì í ṣe ohun àjèjì.

Wọ́n ti gbé àga wá, kò sì bá ìyá mi mu. Ṣé kí a gbà á ni tàbí kí a dá a padà?

Àga tí kò bá ara mu dà bí bàtà tó há, ṣùgbọ́n bàtà ṣe é bọ́ bí ó bá ti ń ta ènìyàn lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó fẹ̀ díẹ̀ jù, físíò lè fi fómù dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ṣe é gbé sókè tàbí rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ àga. Ṣùgbọ́n bí ó bá há, ẹ dá a padà tàbí kí ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ nínú ẹgbẹ́. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: «Ẹ ṣeun, a dúpẹ́ gan-an. Èyí há mọ́ ìyá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún ẹni tí ó bá mu, kí ẹ sì fi orúkọ wa sílẹ̀ fún èyí tó fẹ̀.» Mo mọ̀ pé ojú máa ń tini láti kọ ohun tí wọ́n fi tọrẹ. Ẹ̀bùn tó bá dá egbò sílẹ̀ yóò ná yín ju iye tí àga tuntun ń náni.

Egbò wo lẹ ń sọ? Ìjókòó lásán ṣe lè dá egbò sílẹ̀?

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí eléyìí, torí pé egbò ìjókòó máa ń pa ènìyàn. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́ lè má mọ ìrora ní ìdí mọ́. Èmi àti ẹ̀yin, bí a bá jókòó pẹ́, a óò máa yí ìdí láìmọ̀. Òun kì í yí i, torí pé ara kò sọ fún un. Eegun ìdí á tẹ awọ ara mọ́ ìjókòó, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè débẹ̀, ẹran ibẹ̀ á kú láti inú wá síta. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí ihò kékeré lójú awọ, inú ti jẹ́ jìnnà.

Nítorí náà, ẹni tí kò bá mọ ìrora kò gbọ́dọ̀ jókòó lórí awọ àga lásán. Ó gbọ́dọ̀ ní tìmùtìmù tó nípọn, tí eegun ìdí kò lè tẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ẹ béèrè àga pẹ̀lú tìmùtìmù rẹ̀. Ẹ má lo túùbù táyà tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí ènìyàn ń jókòó sí àárín rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀, mo mọ̀ pé ó dà bí ohun tó rọ̀, ṣùgbọ́n ṣe ló ń fún ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pa yíká.

Ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n, kí ó tẹ̀ síwájú títí àyà rẹ̀ yóò fi sún mọ́ itan, tàbí kó fara tì sí ọ̀tún, kó tún fara tì sí òsì, kí ìdí lè mí. Ní alẹ́, kí ará ilé yẹ ìdí rẹ̀ wò pẹ̀lú iná. Lára wa tó dúdú, ó lè má pọ́n. Ẹ wá ibi tó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó gbóná, tàbí tó le. Bí ẹ bá rí i, kí ó má jókòó lé e mọ́ títí yóò fi lọ. Bí ó bá ti dá ojú, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe ìyẹ̀fun oògùn.

Ọ̀pá àti wọ́kà ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà nílò ìwọ̀n?

Ó nílò rẹ̀. Ọ̀pá ìtilẹ̀ gbọ́dọ̀ ga dé ìlà ọrùn ọwọ́ bí ẹni náà bá dúró tí apá rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú un bí ó bá jẹ́ ẹsẹ̀ òsì ló ń dun ènìyàn. Àwọn tó ń mú un sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn pọ̀ gan-an. Ọ̀pá abíyá, ìka méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ gba àárín orí rẹ̀ àti abíyá kọjá. Ọwọ́ ló ń gbé ara, kì í ṣe abíyá; ẹni tó bá fi abíyá rọ̀ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, torí iṣan tó lọ sí apá ló ń tẹ̀. Bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tó dára ló ń ṣáájú. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tó ń dùn.

Rọ́bà ìdí ọ̀pá máa ń jẹ tán, ó sì ń yọ̀ lórí táìsì tó tutù. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ojú bàbá àgbà kò ríran mọ́. Ṣé ọ̀fẹ́ wà fún un?

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà ojú wò ó. Bí ó bá jẹ́ ojú tí awọ funfun bò lásán, iṣẹ́ abẹ lè la á, ẹgbẹ́ aláàánú àti ilé ìwòsàn sì máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà míràn. Bí kò bá sí àtúnṣe, ọ̀pá funfun ni. Gígùn rẹ̀ máa ń tó àyà. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń mú dání lásán. Ó ní bí wọ́n ṣe ń fi í wá ọ̀nà, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú ni wọ́n ti máa kọ́ ọ. Ọmọ tí kò ríran, ilé ìwé àwọn afọ́jú wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ńkọ́?

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ sí yín létí láìṣàyẹ̀wò. Ìgbà míràn ẹ̀gbin ló dí etí pa, dókítà á yọ ọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán. Bí ó bá jẹ́ pé etí ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn, ìtọ́jú kíákíá lè dá ìgbọ́ràn padà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló kàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ olóore pé ibo ni a ó ti máa ra bátìrì. Bátìrì kékeré inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ tí kò ní bátìrì lẹ́yìn oṣù kan ti di ohun ìṣeré ọmọdé.

Ọmọ tí a bí ní adití, ẹ̀rọ nìkan lè má tó. Ilé ìwé àwọn adití wà ní Ìkòrò-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má fi ọmọ sílé títí di ọdún mẹ́wàá kí ẹ tó wá èdè fún un.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ àbúrò mi. Ibo ni a ti lè rí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá?

Ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì ní Èkó ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀fẹ́ kò wọ́pọ̀ lórí eléyìí, torí ó gbówó, ó sì nílò àtúnṣe lóòrèkóòrè. Kí físíò máa tọ́jú ibi tí wọ́n gé ná, kí wọ́n máa dì í ní báńdéèjì, kí orúnkún má bàa ká gan.

Ẹnì kan ní kí n san owó fọ́ọ̀mù kí n tó lè gba àga.

Ẹ má san án. Olóore tòótọ́ kì í gba owó fọ́ọ̀mù, owó ìforúkọsílẹ̀, tàbí owó «kọ́sítọ́ọ̀mù» lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ràn lọ́wọ́. Kò sì sẹ́ni tó nílò nọ́ńbà ATM yín, BVN, tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báǹkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù kó tó fún yín ní àga. Bí ó bá ní orúkọ ẹgbẹ́ ńlá kan ni òun wá ṣojú, ẹ béèrè ọ́fíìsì, ẹ rìn débẹ̀. Owó ọkọ̀ láti lọ gbé àga lè jẹ́ tiyín, ìyẹn yàtọ̀.

Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò ìyá mi kí wọ́n tó gbé e fún un.

Ìyá ni kí ẹ bi léèrè. Bí ó bá ní rárá, rárá ni. Fọ́tò kan tí ojú kò hàn tó fún àkọsílẹ̀ wọn. Òfin orílẹ̀-èdè tún ka kíkó àkàndá jáde káàkiri láti fi tọrọ owó sí ẹ̀ṣẹ̀: ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà ni owó ìtanràn, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹ rántí ìyẹn bí «olóore» bá fẹ́ máa gbé bàbá yín kiri ọjà.

Òfin wo nìyẹn? Kí ló tún sọ?

Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àkàndá léèwọ̀, tí ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí àga onítáyà lè gbà wọlé; ọdún márùn-ún yẹn parí ní 2024. Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà àwọn báǹkì wa. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá àkàndá lóhùn níbi tí wọ́n bá ti tò, kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún un títí dé ilé ìwé girama, kí iléeṣẹ́ ìjọba sì gba àkàndá síṣẹ́ tó ó kéré tán márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹ lè tọ́ka sí i nínú lẹ́tà yín sí ìjọba. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n tún lẹ́tà kà lẹ́ẹ̀kejì.

Àga ti bàjẹ́. Ta ló ń tún un ṣe?

Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe lè tún ìdajì rẹ̀: túùbù, sípóòkì, bíréèkì. Wẹ́dà á jó irin tó bá ṣẹ́, kí ẹ kọ́kọ́ yọ aṣọ àti fómù kúrò kí iná má bàa mú un. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára táyà kékeré iwájú, ẹ yọ irun àti òwú tó ká mọ́ ọn, ẹ fi òróró díẹ̀ sí i, ẹ sì wo gbogbo bóòtù bóyá wọ́n ti tú. Táyà ẹlẹ́fẹ́ẹ́fẹ́ dẹ̀ lórí òkúta, ṣùgbọ́n ó ń jò. Èyí tó le kì í jò, ṣùgbọ́n ó ń gbọn ara. Fún ọ̀nà wa, ti ẹlẹ́fẹ́ẹ́fẹ́ ni mo fẹ́, bí fọkanáísà bá wà nítòsí.

Bí ẹ bá ń ti ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tó dà gan-an, ẹ yí àga padà kí ẹ̀yin fi ẹ̀yìn rìn sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó lè já bọ́ síwájú.

A ti ń dúró, wọn kò tíì pè wá. Kí la lè ṣe ní báyìí?

Ẹ pe ọ́fíìsì tí ẹ kọ̀wé sí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ sọ orúkọ àti ọjọ́ tí ẹ kọ lẹ́tà. Nílé, ẹ máa yí ẹni tó dùbúlẹ̀ padà ní wákàtí méjì-méjì, ẹ máa na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bí físíò ṣe fi hàn yín. Ẹ má fa ènìyàn lórí àga rọ́bà tí wọ́n fi táyà kékeré sí nísàlẹ̀. Ó ń fọ́ lójijì.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè káàkiri. Ní Èkìtì yìí, àga pọ̀ nínú àwọn pálọ̀ tí ẹni tó ni wọ́n ti kú. Wọ́n wà lábẹ́ ankàrá àti báàgì, ẹnikẹ́ni kò lò wọ́n. Àwọn kan kì í fẹ́ lo ohun òkú, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni, mi ò ní bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló máa gbé e sílẹ̀ bí a bá tọrọ rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn ìsìnkú, bí wọ́n bá ti parí ohun tó yẹ. Kí àgbà kan nínú ìdílé yín bá àgbà tiwọn sọ̀rọ̀, ẹ má rán ọmọdé.

Ìyá wa ló kú, àga rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Báwo la ṣe máa fi tọrẹ?

Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ fi oògùn apakòkòrò nu ibi tí ọwọ́ àti ara ń kàn, ẹ sá a sóòrùn. Tìmùtìmù tí ìtọ̀ bá ti rìn sí, ẹ sun ún. Ẹ wọn ìbú ìjókòó, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, ẹ so ó mọ́ ọwọ́ àga pẹ̀lú ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ wá gbé e fún ẹ̀ka físíò tàbí fún ẹgbẹ́ àkàndá, kì í ṣe fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá bèèrè, torí pé àwọn ló mọ ẹni tí ìwọ̀n yẹn bá mu.